Kọ́kọ́rọ́ Ilé WASU

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí akẹ́kọ̀ọ́ 21 péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n dá West African Students' Union sílẹ̀. Òfin ni wọ́n ń kà. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gùn lẹ́nu, wọ́n bá gé e kúrú sí WASU. Etí Yorùbá kì í gbọ́ WASU kó má gbọ́ "wàásù" nínú rẹ̀, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ tó jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ náà sì fẹ́ràn kó máa rí bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ń pìtàn WASU, ti òṣèlú ni wọ́n sábà máa ń pa: Danquah, Nkrumah, ìwé ẹ̀hónú, òmìnira. N kò ní kí wọ́n má pa á. Ṣùgbọ́n kí òṣèlú tó dé, ibùsùn ni wọ́n ń wá. Ilé ló so ẹgbẹ́ yìí pọ̀, ilé ló gbé e níyì, orí ilé náà ni wọ́n sì tún ti jà tú ká. Ìtàn ilé náà ni mo fẹ́ sọ, àti ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Yàrá ti tán

Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ni Lugard ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pé abẹ́ ọba kan náà ni gbogbo wọn wà pẹ̀lú òyìnbó, pé Lọ́ńdọ̀nù ni olú-ìlú gbogbo wọn. Ọmọ tó bá wá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé olú-ìlú tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀, ìyá onílé á wò ó látòkè délẹ̀, á ní yàrá ti tán. Bẹ́ẹ̀ káàdì tó wà lójú fèrèsé ṣì ń pariwo pé yàrá wà.

Ẹni tó bá ti wá yàrá rí ní àdúgbò Karaworo, nígbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn máa kan ilẹ̀kùn kiri pẹ̀lú àpò lọ́rùn. Àmọ́ ní Karaworo, owó ni onílé máa bèèrè. Ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà yẹn, owó lè wà lápò ọmọ náà, kó má wúlò. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọn kò fẹ́.

Ọdún 1922 ni Ṣólàńkẹ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó ti kàwé ní St Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó ti lọ sí Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́: ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún. Owó kò tó o ná, ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kó lè rí owó gbéra. Ní oṣù kẹfà ọdún 1924, ó sọ Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá ní Wembley láti fi àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn yangàn. Wọ́n mọ odi bíi ti ìlú Hausa síbẹ̀, wọ́n kó àwọn èèyàn wa sínú odi náà, àwọn òyìnbó ń sanwó wọlé wá wo bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ awọ. Ìwé ìròyìn Evening News ní tirẹ̀ kọ ọ́ pé títí di àìpẹ́ ni àwọn ará Nàìjíríà ṣì ń jẹ ẹran ènìyàn. Ṣólàńkẹ́ kọ lẹ́tà, ó fún wọn lésì. Láàárín ìjà yìí ni òun àti Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà, ìyàwó tí Marcus Garvey kọ́kọ́ fẹ́, fi dá Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1924. Akẹ́kọ̀ọ́ 13 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kejì, dókítà ará Sàró kan tó ń jẹ́ Herbert Bankole-Bright dé sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí ọmọ Nàìjíríà, ti Gold Coast (Gánà lónìí), ti Sàró àti ti Gáńbíà má ṣe dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Bí WASU ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. J. B. Danquah láti Gold Coast ni ààrẹ àkọ́kọ́, Casely Hayford, lọ́yà láti ibẹ̀ kan náà, ni baba ìsàlẹ̀, Ṣólàńkẹ́ sì ni akọ̀wé àgbà. Ààrẹ ń yí padà. Akọ̀wé kò kúrò lórí àga.

Ọdún mẹ́ta lójú ọ̀nà

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò ní ilé tiwọn. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, tí òun náà ń jẹ́ Wasu, jáde ní 1926, ṣùgbọ́n ìwé rọrùn láti tẹ̀ ju ilé láti rà lọ. Ní 1928, Marcus Garvey fúnra rẹ̀ bá wọn rí ilé kan ní West Kensington tí wọ́n fi forí pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jà ràn-ìn ní Colonial Office náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn ọmọ yìí bá ń rìn kiri láìsí olùtọ́jú, àwọn oníkọ́múníìsì á gbà wọ́n mọ́ra. Ilé tí ìjọba bá kọ́, ìjọba ló máa mọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti ohun tí wọ́n sọ nídìí tábìlì. Ṣólàńkẹ́ mọ èyí dáadáa. Ohun tó fẹ́ ni kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi owó ara wọn gba ilé fún ọmọ ara wọn. Ó ti tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1927 nípa bí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò ṣe dìde fúnra rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé. Ilé ni yóò fi hàn pé kì í ṣe ẹnu lásán.

Ó bá padà sílé wá tọrọ owó. Láti 1929 títí di 1932 ló fi ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà. Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí: ọ̀dá owó ti dá gbogbo ayé, iye tí wọ́n ń ra kòkó àti ekuro ti já wálẹ̀, àgbẹ̀ kò rí owó orí san. Àárín àwọn èèyàn wọ̀nyí ló gbé igbá ìtọrọ sí. Ibi tó bá dé, ó ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ níbẹ̀. Aláké ti Abẹ́òkúta, Nana Ofori Atta ti Akyem Abuakwa àti Ẹ́míà ti Kánò gbà láti ṣe baba ìsàlẹ̀. Mo máa ń ronú lórí àwọn orúkọ mẹ́ta yìí. Ọba Ẹ̀gbá, ọba Akan àti ọba Fúlàní, tí wọn kò ní ẹ̀sìn kan, tí wọn kò ní èdè kan, nídìí ilé kan tí kò sí ẹni tó tíì rí i nínú wọn.

Nígbà tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1932, kì í ṣe owó nìkan ló kó lọ. Ó ti gbé ìyàwó, Ọpẹ́olú Ọbísànyà.

Camden Road, ojúlé 62

Ní 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní ojúlé 62, Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Africa House ni wọ́n tún ń pè é. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, Ọpẹ́olú ni mátírọ́ọ̀nù. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi gbàgbé orúkọ oyè, wọ́n ń pè é ní Mama WASU.

Ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ lórí WASU pọ̀, ojú ewé tí wọ́n fún obìnrin yìí nínú wọn kò tó nǹkan. Mo ka èyí sí àṣìṣe. Ṣólàńkẹ́ lè kọ ìwé ẹ̀hónú mẹ́wàá lóṣù, ìwé ẹ̀hónú kì í gbé ọbẹ̀ ka iná. Obìnrin yìí ló ń se oúnjẹ ilé fún ọmọ tó ti ń jẹ ànàmọ́ òyìnbó tí kò ní ata láti ọjọ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, tí owó rẹ̀ kò tíì dé láti ilé, tó kùnà nínú ìdánwò tí kò mọ bí òun ṣe máa kọ ọ́ sí bàbá òun, mátírọ́ọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ rí. Ní Yorùbá, a kì í pe ẹni tí kò bọ́ni ní màmá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì yẹn kò ṣẹlẹ̀ rí nílé. Kí ilé náà tó wà, ta ni ní Abẹ́òkúta ló ti bá ará Gáńbíà jẹun láàárọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ló ya ààlà, Gẹ̀ẹ́sì ló sọ wọ́n ní ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n lórí máàpù nìkan ni orúkọ náà wà. Camden Road ni wọ́n ti wá fojú ara wọn rí ara wọn: ọmọ Fante pẹ̀lú ọmọ Ẹ̀gbá, Krio pẹ̀lú Ìgbò, tí wọ́n jọ ń dúró kí ilé ìwẹ̀ ṣófo. Wọ́n ń ṣe ijó, wọ́n ń pe àwọn olùkọ́ àti àwọn olóṣèlú wá sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn tí oúnjẹ fi ń tutù. Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀ a máa kọ̀wé lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe ìjọba kí òyìnbó tó dé, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì má baà rò pé orí ilẹ̀ tí kò ní òfin ni wọ́n ti wá.

Àlejò pẹ̀lú ń wọlé. Paul Robeson, akọrin àti òṣèré ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, di baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní 1935. Òun náà kò nílò àlàyé kankan lórí ìdí tí ilé náà fi wà. Ní 1929, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì Savoy kò jẹ́ kó wọlé jẹun nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ilé tí wọ́n fi orúkọ Aggrey pè

Ilé WASU kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pé ọdún méjì tí òmíràn fi yọ. Ní 1934, Colonial Office ṣí Aggrey House ní ojúlé 47, Doughty Street. (Ilé tó tẹ̀ lé e gan-an, ojúlé 48, ni Charles Dickens gbé nígbà kan, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Aggrey House wà lè lọ dúró síbẹ̀.) Wọ́n fi orúkọ James Aggrey pè é, olùkọ́ ọmọ Gold Coast tó kú ní 1927, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó sọ pé kọ́kọ́rọ́ dúdú àti funfun ni wọ́n jọ ń tẹ̀ kí dùùrù tó lè dún dáadáa. Orúkọ tí ọmọ Áfíríkà kan kò lè bú ni wọ́n mú. Ọgbọ́n gidi ni.

WASU fárígá. Wọ́n ní ilé yìí kì í ṣe ojú rere, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi tú àṣírí bí ìjọba ṣe fẹ́ fi ilé náà di àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lókùn, wọ́n sì ké sí àwọn ọmọ Áfíríkà pé kí wọ́n má ṣe tẹ ibẹ̀. Dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà tó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀, wà lẹ́yìn Aggrey House ní tirẹ̀. Ìjà wọlé sáàárín àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn, ó sì korò.

Èrò àwọn tó lọ sí Aggrey House kò ṣòro láti mọ̀. Ibẹ̀ mọ́, kò jìnnà sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó máa ní kí o dá owó. Ìlànà kì í gbóná ní oṣù kìn-ín-ní ní Lọ́ńdọ̀nù bí èédú. Ní ti WASU, gbèsè ń fún un lọ́rùn. Owó ilé, owó iná, owó oúnjẹ kò dúró de ìgbà tí ẹ̀ka Kánò máa fi ìdáwó ránṣẹ́.

Ní ìparí, àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ìjọba rí i pé òun kò lè fi ipá kó àwọn ọmọ jáde ní Camden, WASU rí i pé ìdáwó nìkan kò lè gbé ilé dúró. Colonial Office bẹ̀rẹ̀ sí í fún WASU lówó, ní 1938 wọ́n sì kó lọ sí ilé tó tóbi jù, ojúlé 1, South Villas, ní Camden Square. Ní 1940, wọ́n ti Aggrey House pa.

Wọ́n máa ń ka èyí sí ìṣẹ́gun fún Ṣólàńkẹ́. Ìṣẹ́gun ni lóòótọ́: ilé ìjọba kú, ilé tiwọn kò kú. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, owó tí ó ń ti Colonial Office wá wà lára ohun tí ọbẹ̀ Mama WASU fi ń dùn. Ẹni tó bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ mọ ọjọ́ tó lè ní kí wọ́n dá iyọ̀ òun padà.

Attlee ní Camden

Ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀, bọ́ǹbù ń já lu Lọ́ńdọ̀nù, ilé WASU kò tì. Ìgbà ogun yìí gan-an ló wá dà bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ilẹ̀ tí kò ní aṣòfin. Reginald Sorensen, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti Ẹgbẹ́ Òṣèlú Lébọ̀, di ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1941 ni Churchill àti Roosevelt kéde Àdéhùn Àtìláńtíìkì, tí wọ́n ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Ọjọ́ kejì, Clement Attlee, igbákejì Churchill, wà láàárín àwọn ọmọ WASU. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹ̀yà, dúdú àti funfun. Inú wọn dùn. Kò pé oṣù kan tí Churchill fi dìde ní ilé ìgbìmọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Hitler gbà ni òun ní lọ́kàn.

Wọn kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìjọba abẹ́lé lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì dé láàárín ọdún márùn-ún sí ìgbà tí ogun bá parí. Ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n ń kọ̀wé náà nínú ilé tí owó ìjọba yẹn kan náà wà nínú owó rẹ̀.

Ilé méjì, ọkàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní 1944, Ṣólàńkẹ́ tún gbé igbá, ó wá sílé láti tọrọ owó ilé kejì. Ọdún mẹ́rin ló lò. Àwọn tó fi sílẹ̀ kọ́ ni ó padà bá.

Ogun ti parí, akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ wọ Lọ́ńdọ̀nù lọ́pọ̀ yanturu. Kwame Nkrumah dé láti Amẹ́ríkà ní 1945, ó sì di igbákejì ààrẹ WASU. Òun náà kan ilẹ̀kùn títí kó tó rí yàrá ní Burghley Road, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ogún ọdún ti tún ìwà àwọn onílé ṣe. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, WASU gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tuntun yìí kò ní sùúrù. Wọ́n ti ka Marx, wọ́n ti jókòó pẹ̀lú George Padmore tó ń jà fún òmìnira Áfíríkà, ọ̀rọ̀ ọba àti baba ìsàlẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí. Lójú wọn, Ṣólàńkẹ́ ti di bàbá àgbà tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú jù. Lójú tirẹ̀, àwọn ọmọ tí kò mọ iye tí wọ́n fi ra àwo ni wọ́n ń fọ́ àwo.

Ní 1949, wọ́n ṣí ilé kejì ní ojúlé 13, Chelsea Embankment, létí odò Thames. Ilé tó wuyì ni, ní àdúgbò àwọn olówó. Ẹni tó rìnrìn àjò ọdún mẹ́rin nítorí rẹ̀ kò sì ní àṣẹ nínú ẹgbẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Ṣólàńkẹ́ ń bójú tó ilé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, WASU ń bá tirẹ̀ lọ, owó Colonial Office sì dáwọ́ dúró fún ẹgbẹ́ tó ti di ọ̀rẹ́ àwọn oníkọ́múníìsì lójú wọn. Láti 1950 ni British Council ti gba iṣẹ́ wíwá ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì ti wà ní Ìbàdàn láti 1948. Ẹgbẹ́ ìlú àti ẹgbẹ́ ẹ̀yà ti pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Tábìlì Camden Road ti pín sí tábìlì kéékèèké. Àwọn tó jẹ nídìí rẹ̀ ló sì pín in, tí oníkálukú ti ń múra láti lọ ṣe ìjọba ilẹ̀ tirẹ̀.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1958. Ojú rẹ̀ rí òmìnira Gánà. Ó ku ọdún méjì kí ti Nàìjíríà dé.

Ohun tó kù

Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Olúsànyà kọ ìwé kan lórí WASU ní 1982, Hakim Adi náà kọ tirẹ̀ ní 1998 lórí gbogbo àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ka méjèèjì yóò mọ ohun tí WASU sọ, ẹni tó bá jà, ẹni tó bá rẹ́. Ohun tí kò ní rí tó bẹ́ẹ̀ ni bí ilé náà ṣe ń rùn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, orin tí wọ́n fi ń jó, ohun tí Mama WASU máa ń sọ fún ọmọ tó bá pẹ́ wọlé.

Àwọn ìwé àti lẹ́tà tí Ṣólàńkẹ́ fi sílẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Èkó, ní Àkókà. Ṣùgbọ́n àwọn tó sùn nínú ilé náà padà sí Èkó, Akra, Freetown, Kánò, àti àwọn ìlú kéékèèké tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ kankan. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò kan tí wọ́n yà ní Camden Square, tàbí lẹ́tà tí wọ́n fi tọrọ owó oṣù lọ́wọ́ bàbá, ṣì wà nínú àpótí ẹnìkan nílé yín. Ẹ tú àpótí náà wò kí ikán tó tú u, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Àkókà.